Ọmọ ajá àgbàtọ́ kan ń wá ilé ní Ẹdúnàbọ̀n: Ohun tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ gbà á mọ̀

Ilé kan wà ní Ẹdúnàbọ̀n tó jẹ́ pé kì í ṣe ènìyàn ló kọ́kọ́ ń kí àlejò níbẹ̀. Bí ẹ bá ti ń wọlé, kí ẹ tó ráyè sọ pé ẹ kú ilé o, ohun kan tó rí roboto yóò ti sáré já lu ẹsẹ̀ yín, yóò fi eyín mú etí ṣòkòtò yín, yóò sì máa fà á bí ẹni pé ẹ jẹ ẹ́ lówó. Àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bí erùpẹ̀ ẹ̀bá ọ̀nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì iwájú funfun bí ìgbà tí ó fi wọ́n bọ inú ẹ̀kọ, etí kan nà ṣánṣán, èkejì ṣì wó sílẹ̀. Ọmọ ajá ni, akọ ni, kò sì tí ì ju ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá lọ. Àwọn ọmọdé àdúgbò ló ń pè é ní Jàgùnlabí. Onílé fúnra rẹ̀ kò sọ ọ́ ní orúkọ kankan, ó sì ní ìdí tí kò fi sọ ọ́.

Ìdí náà ni pé ajá yìí kì í ṣe tirẹ̀, àgbàtọ́ ni. Ọkọ̀ ló pa ìyá rẹ̀ lójú títì tó ti Ifẹ̀ lọ sí Ìbàdàn. Àwọn ará àdúgbò kó ọmọ yòókù lọ, ìkan yìí ló ṣẹ́kù tí ẹnikẹ́ni kò mú, nítorí pé òun ló kéré jù nígbà náà. Bàbá onílé, òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì kan, gbé e wọlé, ó ń fi ẹ̀kọ rírọ̀ àti ẹja tí a lọ̀ kúnná bọ́ ọ títí ó fi lè dá jẹun. Ṣùgbọ́n bàbá náà kò ní í pẹ́ kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Ìbàdàn, inú ilé alájà tí onílé kò ti fẹ́ ẹranko. Ó ṣàlàyé fún akọ̀ròyìn wa pé bí òun bá fi lè sọ ajá náà lórúkọ pẹ́nrẹ́n, ọkàn òun kò ní í lè yọ̀ǹda rẹ̀ fún ẹlòmíràn mọ́. Ẹni tí yóò mú un lọ síbi tí yóò gbé títí ọjọ́ ayé rẹ̀ ni bàbá ń wá, kì í sì í ṣe pé kò rí ẹni tó fẹ́ gbà á. Àwọn tó wá pàápàá ti tó mẹ́ta. Ohun tó mú kí a kọ ìròyìn yìí ni pé bàbá kọ̀ fún gbogbo wọn, àwọn aládùúgbò kan sì ń bínú sí i pé kí ló ń ṣe ajá lásán bí ẹni pé ọmọ ló fẹ́ fi fọ́kọ.

Kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ àgbàtọ́ ṣàjèjì sí nílẹ̀ Yorùbá. A ń gba ọmọ tọ́, ọmọ ọlọ́mọ yóò máa gbé lọ́dọ̀ tíṣà tàbí lọ́dọ̀ ìyá àgbà, àwọn òbí rẹ̀ yóò sì máa yọjú. A ń gba ewúrẹ́ sìn pẹ̀lú: ẹni tó ní abo ewúrẹ́ yóò fi síkàáwọ́ ẹlòmíràn, bó bá bímọ, wọn yóò pín in bí wọ́n ṣe fẹnu kò sí. Nínú méjèèjì, ẹni tó fi nǹkan sílẹ̀ kò mú ojú rẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Tajá nìkan ló yàtọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ọmọ ajá yóò kàn sọ pé, ẹ fún mi lọ́kan nínú àwọn ọmọ ajá yín, wọn yóò fi okùn sí i lọ́rùn, ó parí nìyẹn. Kò sí ẹni tí yóò bi í pé níbo ni yóò máa sùn, kí ni yóò máa jẹ, ta ni yóò fún un lábẹ́rẹ́. Bí wọ́n bá tún gbúròó ajá náà, bóyá nígbà tó bá gé ọmọ ọlọ́mọ jẹ ni.

Àwọn òyìnbó tó ní ètò fún irú nǹkan yìí pàápàá, ẹnu ọjọ́ kan kọ́ ni wọ́n dé ibẹ̀. Ní 1860, obìnrin kan tó ń jẹ́ Mary Tealby ṣí ilé kan sí Holloway ní ìlú London fún àwọn ajá tó sọnù àti àwọn tí ebi ń pa kú lọ ní ìgboro. Bí a bá túmọ̀ orúkọ tó sọ ibẹ̀ sí Yorùbá, ilé ìgbà díẹ̀ fún ajá tó sọnù tí ebi ń pa ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fiyè sí ìgbà díẹ̀ yẹn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ pé ibẹ̀ kì í ṣe ibi tí ajá yóò gbé títí, bí kò ṣe ibi tí yóò ti máa retí ilé. Àwọn ìwé ìròyìn ìgbà náà fi obìnrin yìí ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọn ènìyàn ń sùn sí ìta, ajá ló ń kọ́lé fún. Ní 1871 ni wọ́n kó ilé náà lọ sí Battersea, ibẹ̀ ló sì wà títí di òní, tí orúkọ rẹ̀ sì ti kàn káàkiri ayé. Nílẹ̀ wa níbí náà, ní Èkó, a rí irú ilé iṣẹ́ bíi St. Mark's Animal Rescue Foundation, èyí tí dókítà ẹranko kan, Mark Afua, dá sílẹ̀, tó ń gba ajá àti ológbò tí wọ́n pa tì là, tó sì ń wá ilé fún wọn. Ṣùgbọ́n Èkó kì í ṣe Ẹdúnàbọ̀n. Láàárín Mọ́rò, Yákòóyò, Aṣípa, Ìpetumodù àti Ẹdúnàbọ̀n, bí ẹnì kan bá rí ọmọ ajá he, ilé òun fúnra rẹ̀ náà ni ilé ìgbà díẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sọ́dọ̀ àwọn mẹ́ta tó wá. Ẹni àkọ́kọ́ kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́ rárá. Ó gbé ajá náà sókè, ó wò ó wò ó, ó ní yóò dàgbà dáadáa, pé títí ọdún Ògún tó ń bọ̀, yóò ti tó. Kò sí ẹni tó lè sọ pé ọkùnrin náà parọ́ tàbí pé ó hùwà àjèjì. Ajá ni ẹran Ògún láti ayébáyé, ọlọ́dẹ, alágbẹ̀dẹ àti awakọ̀ sì mọ ohun tí wọ́n ń fi ajá ṣe. Bàbá onílé kò bá a jà, kò sì bú ẹ̀sìn rẹ̀. Ó kàn sọ fún un pé ẹni tó bá fẹ́ ajá fún Ògún, ọjà ló yẹ kó ti rà á, kì í ṣe ilé ẹni tó fi ṣíbí bọ́ ọmọ ajá. Lójú tiwa, ó tọ́ kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn, nítorí pé ó sọ òtítọ́. Ẹni tó le ni ẹni tí yóò sọ pé òun fẹ́ràn ajá, tó sì jẹ́ pé ibi tí wọ́n ti ń pe ẹran rẹ̀ ní 404 ló ń mú un lọ.

Ẹnì kejì fẹ́ ajá tí yóò máa ṣọ́ ilé. Ìyẹn dára, iṣẹ́ ajá ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá béèrè bí yóò ṣe máa tọ́jú rẹ̀, ó ní ṣéènì ti wà nílẹ̀, òun yóò so ó mọ́ ìdí igi ọsàn ní ẹ̀yìnkùlé láti ọjọ́ tó bá ti dé, kó má baà mọ ènìyàn rárá, kó lè rorò. Èrò yìí wọ́pọ̀ láàárín wa, àṣìṣe gbáà sì ni. Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ eré ajá ti wọlé.

Àwọn onímọ̀ méjì kan ní Amẹ́ríkà, John Paul Scott àti John L. Fuller, lo ọ̀pọ̀ ọdún láti fi ṣàkíyèsí bí ọmọ ajá ṣe ń dàgbà, wọ́n sì gbé ìwé wọn jáde ní 1965. Ohun tí wọ́n rí ni pé láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3 sí ọ̀sẹ̀ 12 tí wọ́n bí ọmọ ajá, ilẹ̀kùn kan wà tó ṣí sílẹ̀ lọ́kàn rẹ̀. Ohunkóhun tó bá mọ̀ ní àsìkò yẹn, yálà ènìyàn ni, ọmọdé ni, adìyẹ ni tàbí ariwo ọ̀kadà, ó di ará ilé rẹ̀. Ohun tí kò bá rí ní àsìkò náà lè di ohun tí yóò máa bẹ̀rù títí ayé. Ajá tó ń bẹ̀rù kì í ṣe ajá tó gbóyà. Ẹ̀rù ló ń mú un gé ènìyàn jẹ, kì í sì í mọ ìyàtọ̀ láàárín olè àti ọmọ onílé tó sáré kọjá. Ajá tí a kò so mọ́lẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé, tó mọ gbogbo ará ilé, òun gan-an ni yóò mọ̀ nígbà tí àjèjì bá dé. Ẹ bi àwọn ọlọ́dẹ. Ọlọ́dẹ kì í so ajá ọdẹ rẹ̀ mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́ kó wá retí pé kó gbọ́ fèrè òun nínú igbó.

Eré tí Jàgùnlabí ń ṣe yìí, ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni. Ọmọ ajá tó fi àyà lélẹ̀, tó gbé ìdí sókè, tó ń ju ìrù, ohun tó ń sọ ni pé eré ni mo fẹ́ ṣe, kì í ṣe ìjà. Bó bá gé èkejì rẹ̀ jẹ jù, èkejì á ké, á sì pa eré tì. Ibẹ̀ ni ọmọ ajá ti ń kọ́ bí ó ṣe yẹ kó rọra lo eyín rẹ̀. Jàgùnlabí kò ní ọmọ ìyá mọ́ lọ́dọ̀, nítorí náà àwọn ènìyàn ni yóò kọ́ ọ. Ẹ má ṣe lù ú, ẹ má sì fún un ní ọwọ́ kó máa jẹ nítorí pé eyín rẹ̀ kò tí ì dunni. Bó bá ti fi eyín kan awọ ara yín, ẹ kígbe díẹ̀, kí ẹ dìde, kí ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ẹ fún un ní nǹkan mìíràn tó lè máa jẹ lẹ́nu, bíi àkísà tí a so ní kókó. Eyín ọmú tí ajá ń ní jẹ́ 28. Bó bá ti tó bí oṣù mẹ́ta ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ sí í ká, títí oṣù keje, tí 42 mìíràn yóò sì gbapò wọn. Ní gbogbo àsìkò yẹn, èrìgì rẹ̀ yóò máa yún un, kò sì sí bàtà tó wà nílẹ̀ tí ọkàn onílé lè balẹ̀ sí. Ẹ kó bàtà yín sókè. Ó rọrùn ju kí ẹ máa lu ajá lọ.

Ẹnì kẹta tó wá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ìfẹ́ ajá wà lójú rẹ̀, ẹ̀rín kò kúrò lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tí ajá ti fà á láṣọ. Yàrá kan ṣoṣo ló gbà níbi tó ń gbé, kò tí ì béèrè lọ́wọ́ onílé rẹ̀, kò sì mọ ibi tí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ yóò gbé e lọ bó bá ṣe tán. Ajá ìbílẹ̀ tí a bá tọ́jú dáadáa lè lo ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láyé. Ọmọ tó wọ kíláàsì kìn-ín-ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lónìí á ti wọ girama kí ajá yẹn tó darúgbó. Bàbá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ náà máa wá bá ajá ṣeré nígbàkigbà tó bá wù ú, ṣùgbọ́n kò fún un. Ó dun ọmọ náà. Ó dun bàbá pẹ̀lú.

Ohun tó tún wúwo jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ti ìlera, ibẹ̀ ni a ó sì dúró sí díẹ̀.

Àrùn dìgbòlugi kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 59,000 ènìyàn ló ń bá a lọ lọ́dọọdún lágbàáyé, tí èyí tó pọ̀ jù sì wà ní Éṣíà àti ilẹ̀ Áfíríkà wa. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó ní in, bíi 99 ló jẹ́ pé ajá ló kó o ràn wọ́n. Nínú ẹni mẹ́wàá tí ẹranko tí a fura sí gé jẹ, ó máa ń tó mẹ́rin tó jẹ́ ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 15. Kí ló fà á tó fi jẹ́ ọmọdé? Àwọn ló ń bá ajá ṣeré, àwọn ni ẹnu ajá sì máa ń kan lójú àti lórí, àwọn náà ló sì lè fi í pamọ́ fún ìyá wọn nítorí ìbẹ̀rù ẹgba.

Inú itọ́ ajá ni kòkòrò àrùn náà máa ń wà. Bó bá gba ojú ọgbẹ́ wọlé, kì í gba inú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀bá iṣan ìmọ̀lára ló máa ń rọra tọ̀ lọ sí ọpọlọ. Ìrìn náà lè gba oṣù méjì sí mẹ́ta, ó lè yá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì lè tó ọdún kan. Nígbà tí kò tí ì dé ọpọlọ, abẹ́rẹ́ lè dá a dúró. Bó bá dé ibẹ̀, tí ẹni náà bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù omi, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, kò sí dókítà tàbí babaláwo tó ní ohun tí yóò ṣe sí i mọ́. Ìdí nìyí tí ẹni tí ajá gé jẹ kò fi gbọdọ̀ jókòó máa wò ó pé bóyá yóò san. Kí ó fi omi àti ọṣẹ fọ ojú ọgbẹ́ náà fún odidi ìṣẹ́jú 15, kí ó sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an fún abẹ́rẹ́. Epo pupa kọ́, ata kọ́, irun ajá tí wọ́n jó kọ́. Bí ajá náà bá jẹ́ èyí tí wọ́n mọ onílé rẹ̀, kí wọ́n má ṣe pa á, kí wọ́n dè é mọ́lẹ̀ kí wọ́n sì máa ṣọ́ ọ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ajá tí àrùn yìí ti wà nínú itọ́ rẹ̀ kì í sábà lò ju ọjọ́ mélòó kan lọ kó tó fi ara hàn.

Ó pẹ́ tí àbò ti wà fún ènìyàn. Ọjọ́ kẹfà oṣù keje, 1885, ni Louis Pasteur, ará Faransé, bẹ̀rẹ̀ sí í fi abẹ́rẹ́ tó ṣe tọ́jú Joseph Meister, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan tí ajá dìgbòlugi gé jẹ, ọmọ náà kò sì kú. Pasteur fúnra rẹ̀ kú ní ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án, 1895, ọjọ́ yẹn sì ni wọ́n ń fi ṣe àyájọ́ àrùn dìgbòlugi lágbàáyé. Ní ti ajá, nílé wa níbí, ilé iṣẹ́ ìwádìí nípa ìlera ẹranko tó wà ní Vom ní ìpínlẹ̀ Plateau, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1924, ń ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi tí a ń fún ajá. Àwọn onímọ̀ ní bí ìlú kan bá lè fún 70 nínú ọgọ́rùn-ún ajá rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ yìí, àrùn náà kò ní rí ọ̀nà gbà láàárín wọn. Nínú àwọn ajá tó ń rìn káàkiri lágbègbè Orígbó, mélòó ló ní káàdì abẹ́rẹ́? Kí olúkúlùkù wo ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kó dáhùn.

Ọ̀nà mìíràn wà tí ènìyàn lè gbà kó o, tí wọn kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ nígboro. Àwọn olùwádìí ti rí kòkòrò dìgbòlugi nínú ọpọlọ àwọn ajá kan tí wọ́n pa fún títà ní àwọn ọjà kan ní Nàìjíríà. Ẹni tó ń pa ajá, tí ọ̀bẹ ti gé lọ́wọ́, tí ó sì ń fi ọwọ́ náà kó orí rẹ̀, inú ewu ló wà. A kò sọ èyí láti fi bá ẹnikẹ́ni jà lórí oúnjẹ tàbí ẹ̀sìn rẹ̀. Bí wọn yóò bá ṣe é, kí wọ́n mọ̀.

Ọmọ ajá kì í gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi kó tó pé nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Ìyẹn ni pé Jàgùnlabí kò tí ì gbà á, ẹni tí yóò mú un ni yóò ṣètò rẹ̀, tàbí kí òun àti bàbá jọ ṣe é. Ṣùgbọ́n àwọn abẹ́rẹ́ àjẹsára yòókù ti ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, wọ́n sì ń tún un ṣe ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta tàbí mẹ́rin mẹ́rin títí yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 16. Èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú wọn ni ti àrùn tí wọ́n ń pè ní parvo. Àrùn náà kò pẹ́ láyé, nígbà tó kù díẹ̀ kí ọdún 1980 wọlé ni ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n, ó sì fi bẹ́ẹ̀ tàn kálẹ̀ kíákíá. Ọmọ ajá yóò kọ oúnjẹ, yóò máa bì, yóò máa ya ìgbẹ́ tó ní ẹ̀jẹ̀ tí òórùn rẹ̀ burú, láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ó lè kú. Ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n ti ń sọ pé ilẹ̀ wọn kò gba ajá, pé ayé ń fi idán pa ajá wọn ní ọdọọdún, parvo ni wọ́n ń bá gbé. Kòkòrò rẹ̀ lè wà nínú erùpẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, nítorí náà, bí ọmọ ajá bá kú ní ilé yín láìpẹ́ yìí pẹ̀lú irú ìgbẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe gba òmíràn títí tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ yóò fi pé.

Aràn ńkọ́? Ọmọ ajá tí ikùn rẹ̀ wú gbòǹgbò, tí àwọn ènìyàn ń sọ pé ó yó, ó lè jẹ́ aràn ló kún ibẹ̀. Láti inú ìyá ni púpọ̀ nínú wọn ti ń kó o. Ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni wọ́n ń fún un lóògùn aràn títí yóò fi pé oṣù mẹ́ta, nítorí pé aràn yẹn lè ran ọmọ ènìyàn tó ń fi ọwọ́ ṣeré nínú erùpẹ̀. Ti eégbọn kò nílò ọ̀rọ̀ púpọ̀: ẹ máa yẹ etí rẹ̀ àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ wò, bí wọ́n bá pọ̀, ẹ lọ sọ́dọ̀ dókítà. Oògùn kòkòrò tí a ń fọ́n sí kòkó kọ́ ni ẹ ó dà sí i lára o. Ó ti pa ajá púpọ̀.

Níbo ni dókítà ẹranko wà? Ibi àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹ béèrè ni ẹ̀ka ètò ọ̀gbìn ìjọba ìbílẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń rí sí ìlera ẹran ọ̀sìn lè júwe ẹni tó súnmọ́ yín. Ní ti ilé ìwòsàn ńlá, ti Yunifásítì Ìbàdàn wà, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà ẹranko, wọ́n sì ní irú rẹ̀ ní yunifásítì ètò ọ̀gbìn tó wà ní Abẹ́òkúta pẹ̀lú. Ọ̀dọ̀ wọn náà ni wọ́n ti lè tẹ akọ ajá lọ́dàá bó bá tó bí oṣù mẹ́fà, kó má baà máa sá lẹ́yìn abo kiri, kó máa jà lójú títì, kó sì di baba ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè fún. Àwọn kan yóò sọ pé ìkà ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá ka ọmọ ajá tí ọkọ̀ tẹ̀ pa láàárín Aṣípa sí Mọ́rò.

Oúnjẹ rẹ̀ kò nira. Ajá ìbílẹ̀ kò bèèrè oúnjẹ inú páálí. Ìrẹsì tàbí ẹ̀kọ pẹ̀lú ẹja tàbí inú ẹran tí a sè láìsí ata, ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́ nígbà tó ṣì kéré, omi mímọ́ nínú abọ́ tirẹ̀. Àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́, nítorí náà àjẹkù ọbẹ̀ wa kì í fi bẹ́ẹ̀ bá a lára mu. Ṣokoléètì burú fún un. Egungun adìyẹ tí a ti sè máa ń fọ́ sí ṣóńṣó, ó lè gún un nínú ìfun. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní láti ìgbà tí aláyé ti dáyé ni ajá ti ń jẹ egungun. Òótọ́ ni, a kò sì kọ iye àwọn tó kú sílẹ̀.

Bí a bá wá bèèrè pé kí ni òfin sọ, òfin kò dákẹ́. Abala 495 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí a ń lò ní gúúsù Nàìjíríà ka ìwà ìkà sí ẹranko sí ẹ̀ṣẹ̀: lílù ú ní ìlùkulù, dídá a lóró, tàbí kí onílé mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó máa jìyà láìnídìí. Ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí owó ìtanràn 50 náírà ni wọ́n kọ síbẹ̀. Àádọ́ta náírà, ẹ kò ṣì í kà. Owó yẹn tó nǹkan nígbà tí wọ́n kọ ọ́, lónìí kò ra búrẹ́dì kan. Èyí ni kò jẹ́ kí ènìyàn lè gbójú lé òfin pé yóò ṣọ́ ajá tí òun bá fi tọrẹ. Ẹni tó ń fi í tọrẹ ni yóò ṣọ́ ọ.

Ìdí tí bàbá fi ń béèrè ìbéèrè bí alárinà nìyẹn. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá gbogbo ará ilé ló fọwọ́ sí i, kì í ṣe ọmọ kan ṣoṣo tó ń sunkún fún un. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ilé náà ní ọgbà, nítorí ọ̀nà títì. Ó fẹ́ mọ ẹni tí yóò máa bọ́ ọ bí wọ́n bá lọ síbi òkú tàbí ìgbéyàwó ní òpin ọ̀sẹ̀. Ó sì ń sọ fún olúkúlùkù pé òun yóò wá wò ó lẹ́yìn oṣù kan, àti pé bí kò bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn mọ́, kí wọ́n dá a padà fún òun tàbí kí wọ́n pe òun, kí wọ́n má ṣe lọ jù ú sí ọjà. Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ló ń lé àwọn ènìyàn sá jù. Wọ́n ní ajá tí a ti fún ènìyàn, kí ló tún kan ẹni tó fún un?

Ọ̀rọ̀ orúkọ kù díẹ̀. Àwọn baba wa kì í sọ ajá lórúkọ lásán. Wọ́n lè fi orúkọ ajá sọ ọ̀rọ̀ sí ọ̀tá tàbí aládùúgbò tó ń ṣe ìlara, kí wọ́n máa ké e ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́ pé Tanímọ̀la, pé Tèmiyémi, ẹni tó kàn yóò gbọ́. Lóde òní, Bíńgò àti Lucky ló gbòde. Bàbá ní ẹni tó bá gba ajá yìí ló ni orúkọ rẹ̀, òun kò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ẹnu òun ránṣẹ́ sí ilé onílé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tí akọ̀ròyìn wa wà níbẹ̀, obìnrin kan tó jẹ́ tíṣà dé láti Mọ́rò pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ méjì. Òun ni ẹnì kẹrin. Kò tí ì jókòó tó fi béèrè bóyá ajá ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, nígbà tí bàbá sì sọ fún un pé ó di ọ̀sẹ̀ méjì òní, ó ní òun yóò padà wá lọ́jọ́ náà kí àwọn jọ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, owó rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ òun. Bàbá béèrè nípa ọgbà, ó ní ó wà. Ó béèrè nípa ọkọ rẹ̀, ó ní ọkọ òun ló rán òun. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀, wọn kò mọ̀ pé Jàgùnlabí ti gbé bàtà ẹsẹ̀ kan lára èyí tí àbúrò bọ́ sẹ́nu ọ̀nà, ó ti gbé e wọ abẹ́ ìkòkò omi. Nígbà tí wọ́n ń lọ, ẹsẹ̀ kan ni ọmọ náà fi wọ bàtà, ó gbé èkejì lọ́wọ́, okùn rẹ̀ ti já, kò sì sunkún. Ohun tó ń béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ títí wọ́n fi yọ sí ojú ọ̀nà ni bóyá ọ̀sẹ̀ méjì pọ̀.